Àwàdà Gẹ́gẹ́ Bí Òwò: Ìgbésí-ayé àti Iṣẹ́ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá)

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ka orúkọ àwọn tí ó gbé tíátà alárìnkiri Yorùbá dúró, Hubert Ògúǹdé ni ó máa ń ṣíwájú, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ a sì tẹ̀ lé e. Bí orúkọ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, bá wọ inú ìtàn náà rárá, ìsàlẹ̀ ìwé ni ó máa ń bọ́ sí, pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo pé ó mọ ènìyàn án pa lẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ògúǹdé kojú ìjọba. Ní 1964 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Ládiípọ̀ gbé ìtàn Ṣàngó sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So, ó sì gbé eré náà dé Berlin ní 1964. Ògúnmọ́lá sọ ìwé Amos Tutùọlá di eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Òṣèlú, ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé àpilẹ̀kọ: ohun tí onímọ̀ lè dì mú nìwọ̀nyí. Kí ni ènìyàn fẹ́ dì mú lára bàbá arúgbó tí ó de táì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó àyà rẹ̀, tí ó sì so aago orí tábìlì mọ́ ọrùn ọwọ́?

Èrò tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí ó ṣeé dì mú níbẹ̀ pọ̀, pàápàá fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òṣèré Yorùbá ṣe ń jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọláìyá sọ àwàdà, tí ó ti jẹ́ ìpápánu láàrín eré, di odindi oúnjẹ. Ọjà tí ó ń tà kì í ṣe ìtàn, kì í ṣe orin, kì í sì í ṣe ìwé. Ara rẹ̀ gan-an ni, ìrísí rẹ̀, ìrìn rẹ̀, àti ojú tí ó ń ṣe sí òǹwòran. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ibi tí ara náà bá wà nìkan ni àwọn ènìyàn ti lè rí i, ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni owó ń wọ̀. Nígbà tí sinimá àti fídíò dé, tí ìrísí náà lè rìn láìsí olúwa rẹ̀, nǹkan yí padà. Òfò tí ó bá Ọláìyá lẹ́yìn 1982, tí gbogbo ènìyàn ń sọ bí ìtàn olè lásán, ní gbòǹgbò nínú ohun kan náà tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Àwàdà kí ẹgbẹ́ Aláwàdà tó dé

Àwàdà kì í ṣe àlejò nínú eré Yorùbá. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin. Wọ́n ṣe eré eégún fún un, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Ejò ńlá kan wà nínú eré náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀dá kan yọ, tí ó funfun, tí ó rù, tí òtútù ń mú. Ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ rí, ó ń fín áṣáà, ó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òyìnbó, àwọn òǹwòran sì ń yíjú sí àlejò wọn láti mọ̀ bóyá ó gbà pé eré náà dára. Joel Adédèjì ti fi ìwádìí rẹ̀ hàn pé àwọn eléégún alárìnjò wọ̀nyí ni baba-ńlá tíátà tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó yẹ kí a fi kún un níhìn-ín ni pé nínú àkọsílẹ̀ Clapperton, ìrìn òṣèré náà ni ó gbé àwàdà náà, àti áṣáà, àti ọwọ́ rírà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ tí àlejò náà rí kọ sílẹ̀.

Inú ilé ìjọsìn ni tíátà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, àwàdà kò sì rí àyè púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ògúǹdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, ìtàn inú Bíbélì ni, orin ni ó sì gbé e ró. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ a máa fi orin àti ijó ṣí eré, wọ́n a fi orin pa á dé. Aláwàdà wà láàrín, bíi iyọ̀ nínú ọbẹ̀: ìránṣẹ́ ọba, ọ̀mùtí, ìyàwó alárìíwísí. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ mọ ojú ṣe, ẹni tí ó bá rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀mùtí kò ní gbàgbé. Síbẹ̀ ìtàn ni olówó, àwàdà ni ẹrú.

Láti ìdí gìtá dé orí ìtàgé

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ọláìyá; Iléṣà ni ìlú rẹ̀, 1936 ni wọ́n sì bí i. Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí kì í ṣe ohun à-kà-kọjá lásán. Ìjẹ̀ṣà ni òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tí ó ń tajà ní àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí tí yóò fi gba owó rẹ̀. Nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan bá jáde sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà ahun tí ń ka kọ́bọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, òǹwòran kò nílò àlàyé kankan kí ẹ̀rín tó pa á.

Orin ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹgbẹ́ onílù háíláìfù rẹ̀ ni Federal Rhythm Dandies, ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún Victor Ọláìyá, afọn-kàkàkí háíláìfù tí òun náà gbajúmọ̀ nígbà kan náà.) Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Sunday Adégẹyẹ, tí ó wá di King Sunny Adé, ti ta gìtá kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn orin jùjú kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn tíátà ni wọ́n máa ń fò ó dá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni Ọláìyá ti kọ́ ohun mẹ́ta tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ni: bí a ti ń san owó iṣẹ́ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, bí a ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, àti bí a ti ń wo ojú agbo láti mọ ìgbà tí ó ti sú wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tí ọ̀pọ̀ onílù láti ìhà Ìlà-Oòrùn sì ti fi Èkó sílẹ̀, háíláìfù rọlẹ̀, jùjú gba ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà náà Ọláìyá ti yí ojú sí eré. Láàrín àwọn ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ Aláwàdà ti gbérasọ.

Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, WNTV, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ni ó gbé orúkọ náà dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ̀rọ yìí bá aláwàdà mu ju bí ó ti bá ọba àti ọmọ-ogun mu lọ. Aṣọ ọba kò lè tàn nínú àpótí kékeré tí àwòrán rẹ̀ dúdú òun funfun. Ojú ènìyàn nìkan ni ó ń tóbi níbẹ̀, ojú ni Ọláìyá sì ń tà. Àwọn tí ó bá rí i lọ́jọ́ náà ni wọn yóò jáde láti san owó ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ Aláwàdà bá wọ ìlú wọn. Amóhùnmáwòrán kò gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń polówó rẹ̀ ni.

Ẹ̀dá tí ó ń jẹ́ Bàbá Sàlá

Ẹ ṣàkíyèsí aṣọ rẹ̀. Kóòtù tí kò bá ṣòkòtò mu. Táì alábẹ̀bẹ̀ tí ó fẹ̀ kọjá ààlà. Awò ojú tí ó tóbi bí àwo ọbẹ̀. Aago orí tábìlì tí ó fi ṣe aago ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun èlò ọ̀làjú, gbogbo rẹ̀ ni ó sì fi lò ní ìlòkulò. Àwọn kan ti fi í wé Charlie Chaplin nítorí aṣọ yìí. Ìfiwéra náà kò tọ̀nà tó bí ó ti máa ń dùn létí. Òtòṣì tí ó ń fi ara rẹ̀ pe ẹni iyì ni Chaplin máa ń ṣe, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe òǹwòran. Bàbá Sàlá kì í bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ahun ni, onífẹ̀ẹ́-obìnrin ni, ó fẹ́ jẹ nínú ohun tí kò bá wọn dá, ó sì gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Bí ọgbọ́n rẹ̀ bá wá yí padà lù ú, kò sí ẹni tí yóò sunkún fún un, kò sì sí ẹni tí yóò kórìíra rẹ̀.

Yorùbá kò ní láti ré kọjá òkun kí wọ́n tó rí baba irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni. Ìjàpá náà a máa jalè, a máa purọ́, a máa sá fún iṣẹ́. Wọ́n a mú un, wọ́n a lù ú, ẹ̀yìn rẹ̀ a fọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ti tún dé. Ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ lálẹ́ ti mọ Bàbá Sàlá kí ó tó rí i. Ohun tuntun tí Ọláìyá mú wá ni pé ó yọ Ìjàpá kúrò nínú igbó, ó wọ kóòtù fún un, ó sì fi í sáàárín ìlú ní àkókò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ṣòro láti ka ìtumọ̀ mìíràn sí aago ńlá ìgbà náà. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó Údójì jáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba àjẹẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ilé tí kò ra ohun tí ó ń dún tàbí tí ó ń tàn. Ẹni tí ó ra aago láti fi hàn dípò kí ó fi mọ àkókò ń wo ara rẹ̀ lórí ìtàgé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé tí ó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un tààrà kì bá tí rí ẹni san owó ìwọlé.

Eré wọn kò sí nínú ìwé. Wọn a fi ẹnu kò lórí ìtàn, olúkúlùkù a mọ ibi tí yóò ti wọlé àti ohun tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde ṣe, ìyókù di ti agbo. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún ẹgbẹ́ mìíràn láti ṣe eré Aláwàdà. Ẹni tí ó bá gba ìwé Ọba Kò So lè kọ́ àwọn òṣèré tirẹ̀ kí wọ́n sì ṣe é. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn Bàbá Sàlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ààbò ńlá ni èyí jẹ́ fún oníṣẹ́ ní àkókò tí òfin kò dáàbò bò ó. Àwọn aláwàdà mìíràn dìde ní tòótọ́, bí ẹgbẹ́ Awada Kẹríkẹrì ti Òjó Ládiípọ̀, tí Adébáyọ̀ Sàlámì wá ń darí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní láti dá ẹ̀dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Mẹ́rò kì í ṣe Bàbá Sàlá, Ọ̀gá Bẹ́llò kì í sì í ṣe Bàbá Mẹ́rò.

Sinimá, àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀gá tíátà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú sinimá. Ọlá Balógun ni ó darí Àjàní Ògún ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan (Adé Love) sì kópa nínú rẹ̀. Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti Ògúǹdé, Ayé. Àwọn ènìyàn ya lọ wò wọ́n. Ọ̀gá ẹgbẹ́ tí ó ti fi ogún ọdún sun inú bọ́ọ̀sì rí i pé agbo tí ẹgbẹ́ ń rí ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, fíìmù lè rí i ní ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ta fíìmù náà ni ó yẹ kí ìtàn gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni jàǹbá wà. Àwọn gbọ̀ngàn sinimá ìlú ńlá kún fún fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà, tí owó wọn kò tó nǹkan fún onígbọ̀ngàn. Wọn kò sì í sábà ṣí ilẹ̀kùn fún ti Yorùbá. Nítorí náà oní-fíìmù ni ó ń gbé ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ káàkiri fúnra rẹ̀: gbọ̀ngàn ìlú, ilé-ìwé, hòtẹ́ẹ̀lì, àti Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ tí ó wà ní Ìgánmú. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà gba owó. Bí wọ́n ti ń ṣe eré orí ìtàgé gan-an ni wọ́n ń ṣe sinimá. Ẹ̀dà kò pọ̀, ìlú pọ̀, owó sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láàrín oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó jáde kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Òkè-òkun ni wọ́n ń rán fíìmù lọ fún fífọ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń san. Ọláìyá fi ohun tí ó ní, àti ohun tí ó yá, sínú fíìmù kan.

Ọ̀run Móoru ni fíìmù náà, 1982. Ọlá Balógun ni olùdarí. Túndé Kèlání, tí ó wá di olùdarí ńlá lẹ́yìn ìgbà náà, wà nídìí kámẹ́rà. Ẹni tí Bàbá Sàlá ṣe nínú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tí ó ti ní lọ́wọ́ rí, tí àwọn gbájú-ẹ̀ tí ó ṣèlérí owó òjijì fún un sì sọ di òtòṣì. Ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ó dé ọ̀run. Wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó, kí ó padà. Ìtàn náà le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ eré àfipanilẹ́rìn-ín tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ ni ó gbé lé ẹ̀rín lọ́wọ́, ó sì ṣe é láìfi bàbá arúgbó inú kóòtù náà sílẹ̀. Ọdún tí ó jáde kò sì dá a lọ́wọ́ kọ́: ní oṣù kẹrin ọdún 1982 kan náà ni ìjọba Shagari gbé òfin ìfowóṣọ́wọ́ná jáde, nígbà tí owó epo ti wálẹ̀.

Fíìmù náà kò tíì jìnnà nínú ìrìn-àjò rẹ̀ nígbà tí àwọn kan ti da á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò láìgba àṣẹ, tí wọ́n sì ń tà á. Ẹ̀rọ fídíò tí owó epo rà sínú ilé àwọn ènìyàn ń bẹ nílẹ̀ ńdúró. Kí Ọláìyá tó gbé àpótí fíìmù dé ìlú kan, àwọn ará ìlú náà ti wò ó ní pálọ̀. Gbèsè kù sí i lọ́rùn.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn fi í mọ bẹ́ẹ̀: olè jà á, ó ṣubú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Wọ́n lè jí kásẹ́ẹ̀tì eré ọba pẹ̀lú, kí ọ̀gá ẹgbẹ́ sì tún lọ fi eré náà pa owó lórí ìtàgé, nítorí pé ìlù, ijó àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí ìtàgé jẹ́ ohun tí pálọ̀ kò lè gbà. Ti Ọláìyá yàtọ̀. Ojú tí àwọn ènìyàn ń sanwó láti rí ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì dùn níbẹ̀ bí ó ti dùn lójúkojú. Ààbò tí ó ní nígbà tí eré rẹ̀ kò ṣeé kọ sílẹ̀ di asán ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ lè kọ ojú sílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí ó wà nígbà náà, ti 1970, kò lágbára: ìjìyà rẹ̀ fúyẹ́ sí èrè tí ó wà nínú ìwà náà. Ọdún 1988 ni ìjọba gbé òfin tuntun jáde, nọ́ńbà 47, 1989 sì ni àjọ tí yóò máa ṣọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọláìyá ti pàdánù tirẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Kò jókòó. Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983. Ó bá Adé Love ṣiṣẹ́ nínú Mo Ṣebọ́látán ní àárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí náírà ṣubú lẹ́yìn 1986, tí kò sí ẹni tí agbára rẹ̀ ká fíìmù mọ́, òun náà bọ́ sínú fídíò pẹ̀lú àwọn ìyókù, ó sì gbé àwọn eré mélòó kan jáde ní àwọn ọdún 1990. Iṣẹ́ ìgbà yìí kò dé ìwọ̀n ti ìṣáájú. Kámẹ́rà fídíò olówó pọ́ọ́kú ń mú u láti òkèèrè, ìtàn kò jinlẹ̀, ó sì hàn pé ó ń ṣe é nítorí pé àwọn ènìyàn ń retí rẹ̀ ni. Ìjọba fi oyè MON dá a lọ́lá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Emmanuel, tí wọ́n mọ̀ sí Boysala, wọ iṣẹ́ àwàdà. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Ọláìyá kú ní Iléṣà.

Ìṣòro kan wà fún ẹni tí yóò bá tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí yìí. Nítorí pé eré orí ìtàgé Aláwàdà kò sí nínú ìwé, ohun tí ó kù fún ojú láti rí ni fíìmù àti fídíò, pẹ̀lú àwòrán eré àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri tí ìwé ìròyìn Atọ́ka máa ń tẹ̀ jáde. Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ nìkan ni onímọ̀ sì fi ń dá Ọláìyá lẹ́jọ́, pàápàá èyí tí ó ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Bí ó ti ṣe ń yí eré kan náà padà fún agbo Iléṣà àti fún agbo àwọn Yorùbá tí ń bẹ ní òkè Ọya, iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, àti bí wọ́n ṣe ń pín in láàrín ọ̀gá àti ọmọ ẹgbẹ́, kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá a wọ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn kù sí: àwọn òṣèré ìgbà náà, awakọ̀, àti àwọn tí ó ń gba owó ìwọlé. Àgbà ni gbogbo wọn báyìí.